Rífíù mi nípa àwọn ọlọ́pàá ojú títì tó ń dúró ní oríta wa l'Àkúrẹ́

Ibi tí mo ti ń ta iyán, tí mo bá jókòó sídìí odó, ìṣísẹ̀ méje péré ni mo fi jìnnà sí ojú títì. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà níbẹ̀, lápá ibi tó ti Ìlẹ̀sà Garage lọ sí FUTA, yunifásítì tó wà l'Àkúrẹ́ níbí, lọ́hùn-ún, mi ò ní dárúkọ oríta náà torí mi ò fẹ́ kó di wàhálà sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn, ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́ á mọ̀ ọ́n. Mo máa ń rí i tí àwọn èèyàn ń kọ rífíù fún ilé oúnjẹ, fún òtẹ́ẹ̀lì, fún ẹni tó ń we gèlè, ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ fún iyán mi lọ́dún tó kọjá, inú mi dùn. Èmi náà fẹ́ kọ tèmi. Iṣẹ́ àwọn ọlọ́pàá tráfíìkì àti àwọn Road Safety tí wọ́n ti ń dúró ní oríta wa láti ìgbà tí táàmù kẹta ti bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ nípa ẹ̀, oṣù mẹ́ta rèé báyìí, ojú mi ló sì ṣe. Iṣẹ́ ìlú ni, owó ìlú ni wọ́n fi ń san án, kí ló dé tá ò ní lè sọ bó ṣe rí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí kí wọ́n tó dé. Láàárọ̀, láti bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí di aago mẹ́jọ àbọ̀, gbogbo ayé ló ń sáré. Ọ̀kadà á gbé ọmọ ilé ìwé méjì, ìyá wọn á tún wà lẹ́yìn, èyí tó kéré jù á jókòó sórí táńkì epo, hẹ́mẹ́ẹ̀tì á so mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà bíi korobá, kò sí lórí ẹnì kankan. Maruwa á gba wọnwéè torí kò fẹ́ lọ yí níbi tí wọ́n ti ń yí, ibẹ̀ ò sì ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Tákísì á kó èèyàn méjì síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ẹni tó wà láàárín á máa fi ẹsẹ̀ ya jíà. Tírélà tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìlẹ̀sà ò ní rọra, fèrè ló máa fi ń lé èèyàn kúrò lọ́nà. Ó ti mọ́ àwa tá a wà níbẹ̀ lára débi pé tí bíréèkì bá dún, a kì í gbójú sókè mọ́, àfi tá a bá gbọ́ igbe lẹ́yìn ẹ̀.

Kì í sì í ṣe pé òfin ò sí o. Oṣù kìíní ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí ò dé hẹ́mẹ́ẹ̀tì káàkiri Nàìjíríà, mo rántí dáadáa, àwọn ọlọ́kadà kan de igbá, àwọn kan de rọ́bà ọ̀dà, oníkálukú ń wá nǹkan tó máa fi borí kí Road Safety má bàa mú un. Sítíbẹ́ẹ̀tì náà, nígbà tó kọ́kọ́ le, kò sí dírẹ́bà tí kì í dì í, àwọn tí tiwọn ti já á fi okùn lásán kọ́ èjìká. Nígbà tó yá, àwọn tó ń mú èèyàn dín kù lójú títì, hẹ́mẹ́ẹ̀tì sì padà sọ́wọ́ ọ̀kadà. Òfin ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó máa dúró tì í ni ò sí mọ́.

Ọjọ́ Túsìdé kan nínú oṣù kejì ọdún yìí, ọ̀kadà kan gbé ọmọkùnrin kan àti àbúrò ẹ̀ obìnrin, Maruwa kan já wọ wọnwéè, ọlọ́kadà yà fún un, tákísì tó wà lẹ́yìn ò sì ráyè tẹ bíréèkì. Ọmọbìnrin náà ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ ló bó. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mọ́tò gun lẹ́sẹ̀. Èmi àti ọmọ tó ń bá mi gúnyán la gbé e, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, kò tiẹ̀ sunkún, ó kàn ń sọ fún mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ fún mummy mi." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Wọ́n gbé e lọ sí hòsípítù nítòsí, láti ibẹ̀ wọ́n gbé e lọ sí Oǹdó, sí Trauma Centre tí Gómìnà Mímikò kọ́, wọ́n to eegun náà, ọmọ náà ti ń rìn báyìí, Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n bàtà kọ́tínà ẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣẹ́kù sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wà lẹ́yìn àpò èédú. Okùn ẹ̀ ti já rí, ẹnì kan fi òwú funfun rán an, rírán náà ṣe wẹ́wẹ́, ó tò tẹ̀lé ara wọn, kò sí aránbàtà tó ń rán an bẹ́ẹ̀, ìyá ló jókòó lálẹ́ tó fi abẹ́rẹ́ rán an fọ́mọ ẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí obìnrin náà pé kó wá gbà á, ó ní òun ò fẹ́ fojú rí i. Èmi náà ò sì lè jù ú nù.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà la pariwo. Àwọn òbí ọmọ ilé ìwé kọ lẹ́tà, àwa obìnrin tá à ń tajà níbẹ̀ fọwọ́ sí i, a lọ, a bọ̀, a tún lọ. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wọlé fún táàmù kẹta, ọlọ́pàá tráfíìkì méjì dé, yẹ́lò fífà kan bá wọn dé, obìnrin ni, àwọn Road Safety sì máa ń wá dara pọ̀ mọ́ wọn láàárọ̀ Mọ́ńdè àti Fúráídè.

Obìnrin yẹn ni màá kọ́kọ́ yìn. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é ní Àǹtí Fèrè. Aago mẹ́fà àbọ̀ á ti bá a ní ìdúró, ìbọ̀wọ́ ẹ̀ funfun báláú, mi ò mọ ẹni tó tún ń fọ ìbọ̀wọ́ lójoojúmọ́ láyé yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, ọlọ́kadà kan tó máa ń bá mi gbé iṣu láti Ọjà Ọba gbé ọmọ kékeré kan sẹ́yìn. Àǹtí Fèrè na ọwọ́ sí i, ó dúró. Hẹ́mẹ́ẹ̀tì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí ẹ̀, ọ̀kan so kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà.

"Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ti ta nìyẹn?"

"Ti pásẹ́ńjà ni, mà."

"Pásẹ́ńjà ọ̀hún dà?"

Ó bojú wẹ̀yìn. "Ọmọdé ni, mà. Ó tóbi jù fún un."

"Orí tó kéré fún hẹ́mẹ́ẹ̀tì, ṣé kò kéré fún ọ̀dà ojú títì ni?"

Ọlọ́kadà ò fèsì. Obìnrin náà tú ìborùn tó wà lọ́rùn ara ẹ̀, ó ká a, ó tẹ́ ẹ sínú hẹ́mẹ́ẹ̀tì yẹn, ó dé e fọ́mọ náà, ó de okùn ẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ó wá fi ìka kàn án lórí lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó, ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ máa lọ. Ó dọ̀la, ẹ wá èyí tó mọ̀ ọ́n lórí." Kò gba kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ kejì ọlọ́kadà yẹn ti ra kékeré kan tó ní àwòrán ẹyẹ lára, ó sì mú ìborùn wá dá a padà fún un, ó ti fọ̀ ọ́.

Àwọn ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan dúró sí ẹnu wọnwéè, Maruwa tó bá ti yọ imú síbẹ̀, ṣe ló máa ní kó dá a sẹ́yìn padà síbi tó ti wá, gbogbo èèyàn á máa wò ó, ìtìjú ìyẹn tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lọ́jọ́ Fúráídè kan ni jíìpù dúdú kan dé, gíláàsì ẹ̀ ṣú, ọ̀gá tó ń wà á gbé fóònù sétí. Ọlọ́pàá dá a dúró. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé ṣé ó mọ ẹni tí òun jẹ́. Ọlọ́pàá kí i, "Ẹ kú àárọ̀ sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fóònù kalẹ̀, ẹ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́." Road Safety kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún un bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ fún oní-Maruwa, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni ti fóònù, ti sítíbẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì, báńkì lẹ máa san án sí, ẹ ò ní fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lójú títì. Inú bí ọ̀gá náà, ṣùgbọ́n ó gba ìwé ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ọlọ́kadà oríta wa gbà pé tòótọ́ làwọn èèyàn yìí bá wá, ó sì hàn nínú bí wọ́n ṣe ń dá wọn lóhùn láti ìgbà náà.

Ohun tí mo wá rí, tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rí, ni pé kì í ṣe owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà, kí ló tún lè rà l'Àkúrẹ́ mọ́? Pé wọ́n wà níbẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, pé ẹni tó ń bọ̀ mọ̀ dájú pé òun máa bá wọn níbẹ̀. Àwọn dírẹ́bà tó bá ti kọjá lọ́dọ̀ wọn máa ń tan iná fún àwọn tó ń bọ̀, wọ́n á fi ọwọ́ júwe àyà pé kí wọ́n di bẹ́líìtì, ẹlòmíì rò pé ṣe ni wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ọlọ́pàá mẹ́ta ló dúró, ọgọ́rùn-ún èèyàn ló di bẹ́líìtì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Eré náà dín kù. 50 kìlómítà láàárín wákàtí kan lòfin fọwọ́ sí láàárín ìlú, tẹ́lẹ̀ kò sẹ́ni tó ń rántí ẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ṣàlàyé ẹ̀ pé tí mọ́tò bá gbá ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ewu ikú tó wà níbẹ̀ láti orí 50 sí orí 65 ti di ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀. Ìyàtọ̀ 15 péré o. Àwọn náà ló sọ pé jàǹbá ojú títì ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 5 sí 29 jù lọ láyé, ó ju ibà lọ, ó ju gbogbo àìsàn tá a fi ń bẹ Ọlọ́run lọ. Ọjọ́ orí àwọn tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ nìyẹn.

Ó ku ohun tí ò dáa. Tí òjò bá ti ṣú, wọn ò sí níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ìgbà òjò gan-an ni ojú ọ̀nà máa ń yọ̀, táyà tó ti họ ò sì lè di ilẹ̀ mú. Oṣù kẹfà yìí, ọjọ́ mẹ́rin léraléra la ò fi rí wọn, kò sì pé ọjọ́ méjì tí Maruwa fi padà sí wọnwéè. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lọ, àárín aago méje sí mẹ́sàn-án alẹ́ ni àwọn tírélà ń já gììrì wọ̀lú, àwọn kan ò níná lẹ́yìn. Sátidé ni wọn kì í wá rárá. Sátidé! Ọjọ́ tí gbogbo Àkúrẹ́ wà lóde ìyàwó àti òde òkú, tí dírẹ́bà ti mu ẹmu, tó ti mu ọtí, tó tún máa gbé aṣọ ẹbí márùn-ún padà sí Oǹdó tàbí Ìdànrè lálẹ́. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní iye tí àwọn jẹ́ nìyẹn, aṣọ òjò ò sì kárí. Mo gbà wọ́n gbọ́ torí mo rí i pé bàtà ẹnì kan nínú wọn ti là nídìí, ṣùgbọ́n rífíù lèmi ń kọ, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Mo tún ní láti sọ èyí, torí ẹni tó bá ka ìyìn tí mo ń yìn wọ́n yìí á fẹ́ sọ pé ṣé ọlọ́pàá kan náà tí òun mọ̀ ni. Nínú oṣù kẹrin, èmi àti dírẹ́bà tó bá mi kó iṣu ń bọ̀ láti oko, ó ti ń ṣú, a pọ̀ mẹ́rin níwájú ọkọ̀, iná ẹ̀yìn ò tàn, ẹni kankan ò di nǹkan kan mọ́ra. A bá àwọn kan tí wọ́n wọ aṣọ ìjọba lábẹ́ igi, mi ò ní sọ irú aṣọ tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní sọ ibi tó wà. Wọ́n béèrè pátíkúlà, ó pé. Wọ́n béèrè láísẹ́ǹsì, ó wà. Wọ́n tàn tọ́ọ̀ṣì sójú wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí i pé a ò di bẹ́líìtì, wọ́n yí lọ sẹ́yìn, wọ́n rí i pé iná ò sí. Wọ́n wá ní ká wá nǹkan fáwọn. Dírẹ́bà fún wọn ní ẹgbẹ̀rún kan, a sì wọ inú òkùnkùn lọ bá a ṣe wà. Kò sí ohun tó ṣe wá lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n látìgbà náà ni mo ti ń rò ó, pé iṣẹ́ tí Àǹtí Fèrè ń ṣe pẹ̀lú ìborùn ara ẹ̀ nìyẹn, ọwọ́ tiwọn tó o, wọ́n ní tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ìbọn, wọ́n ní ọkọ̀, wọ́n sì rí ikú tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ wa, wọ́n ní ká máa gbé e lọ.

Kí ló wá dé tí ti oríta wa fi yàtọ̀? Mo bi ọ̀gá wọn. Ó máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi láago méjì tí àwọn ọmọ bá ti lọ tán, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ó ń sanwó oúnjẹ ẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ tí mo ní kó fi sílẹ̀ ló fẹ́ẹ̀ má wá mọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló dé tí àwọn tó kù ò ṣe bíi tiyín?" Ó fọ ọwọ́ tán kó tó dá mi lóhùn.

"Mà, ọdún kẹtàdínlógún mi rèé nínú iṣẹ́ yìí. Lọ́dún tí mo bá wọn mú adigunjalè méjì, wọ́n yà mí ní fọ́tò, wọ́n fún mi ní ìwé ìyìn, ó wà nínú páálọ̀ mi. Oṣù mẹ́ta tí mo ti dúró síbí, ọmọ kankan ò kú. Ta ló máa kọ̀wé fún mi pé ẹnì kan ò kú? Ẹni tí ò kú ò ní fọ́tò, mà. Tí wọ́n bá gbé ẹ lọ sí tráfíìkì, ṣe làwọn ẹgbẹ́ ẹ á máa bi ẹ́ pé ta lo ṣẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Mo sọ fún ọmọ mi tó wà ní FUTA, òun ló wá jókòó tì mí tó ń ka ohun tí wọ́n ń ṣe níbòmíì fún mi. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní IACP ti ṣe ìdíje kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, National Law Enforcement Challenge lorúkọ ẹ̀. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú kọ̀ọ̀kan á kọ iṣẹ́ tó ṣe lórí eré àsápajúdé, lórí ọtí àti ọkọ̀, lórí bẹ́líìtì, bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ọlọ́pàá wọn, bí wọ́n ṣe la àwọn aráàlú lọ́yẹ̀, àti bóyá jàǹbá dín kù lóòótọ́. Ìlú kékeré á bá ìlú kékeré díje, ìlú ńlá á bá ìlú ńlá. Ẹni tó bá ta yọ, wọ́n á pè é síwájú àwọn ọ̀gá ẹ̀, wọ́n á yìn ín. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè ọmọ Ọ̀wọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń dáhùn? Amẹ́ríkà náà ló tún ní ètò Click It or Ticket, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993, kó tó di ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé di bẹ́líìtì ẹ àbí kó o gba tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á kọ́kọ́ kéde ẹ̀ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pé a ń bọ̀ o, lẹ́yìn náà ọlọ́pàá á jáde lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri, ojú gbogbo ayé á rí wọn. Lónìí, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó wà níwájú mọ́tò níbẹ̀, ó lé ní àádọ́rùn-ún tó ń di bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì yẹn ló sì lè dín ewu ikú ẹni tó wà níwájú mọ́tò kù dé ìdajì. Kì í ṣe pé ara wọn gba bẹ́líìtì ju tiwa lọ, àwọn náà fapá jánú níbẹ̀rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá wa máa sọ. Wọ́n á ní ajínigbé làwọn ń lé, àwọn ò ráyè hẹ́mẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní fojú kékeré wo ìyẹn láéláé, ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó wo ló lè gbàgbé bí àwọn agbébọn ṣe pa èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis l'Ọ́wọ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022? Ṣùgbọ́n ojú títì kan náà làwọn ajínigbé àti agbébọn ń gbà. Mọ́tò ni wọ́n ń wọ̀, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn, wọn kì í fò. Lọ́jọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1995, wọ́n fi bọ́ǹbù fọ́ ilé ìjọba kan ní Oklahoma City ní Amẹ́ríkà, èèyàn 168 ló kú. Bíi wákàtí kan àbọ̀ lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá ojú títì kan dá mọ́tò kan dúró torí pé kò ní nọ́ńbà lẹ́yìn, iṣẹ́ yẹpẹrẹ tí àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí náà ni o. Ẹni tó bá nínú mọ́tò náà ni Timothy McVeigh, òun gan-an ló gbé bọ́ǹbù yẹn síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé abẹ́ igi ni ọlọ́pàá yẹn jókòó sí, tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ onímọ́tò, ṣé ó máa rí i ni?

Ìpínlẹ̀ wa ti rí tirẹ̀ lójú títì. Oṣù kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ya wọ iwájú yunifásítì ní Akùngbá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kú níbẹ̀. Gbogbo wa sunkún. Ẹkún tá a fi sun ti Akùngbá yẹn, ìdá mẹ́wàá ẹ̀ la ò tíì fi yin ẹni tó ń dá tírélà dúró kó tó di pé a máa sunkún.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀ rárá. Mo fẹ́ kí ọ̀gá pátápátá ọlọ́pàá tó wà l'Àkúrẹ́, nígbà tó bá ń ka iye ọ̀daràn tí wọ́n mú lóṣù, kó ka iye ọjọ́ tí oríta kọ̀ọ̀kan fi wà láìsí jàǹbá pẹ̀lú ẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n fún àwọn tráfíìkì ní aṣọ òjò àti tọ́ọ̀ṣì, àti àwọ̀lékè dídán yẹn tó ń tàn lóru kí wọ́n lè dúró di alẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n jọ máa jáde, ọlọ́pàá, Road Safety, VIO tó ń yẹ mọ́tò wò, sífù dìfẹ́ǹsì, lẹ́ẹ̀kan náà, torí Road Safety nìkan ò lè kárí. Ẹ má gbàgbé bí Road Safety fúnra ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá níbí ni, lọ́dún 1977 ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn tí wọ́n ń pè ní Májà-májà, Wọlé Ṣóyínká wà nídìí ẹ̀, kó tó di pé ìjọba àpapọ̀ dá tiwọn sílẹ̀ nínú oṣù kejì ọdún 1988 tí wọ́n sì fi òun náà ṣe alága àkọ́kọ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ò dúró de ìgbà tí gbogbo nǹkan bá pé. Àwọn pásítọ̀ àti àwọn àáfà tó ń ṣàdúrà fún arìnrìn-àjò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọlọ́pàá tráfíìkì kan jáde lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ dárúkọ ẹ̀ níwájú ìjọ. Àwọn ẹgbẹ́ òbí, ẹ kọ̀wé ìyìn sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ kọ orúkọ ẹni náà síbẹ̀ kó lè wọ fáìlì ẹ̀. Àwa ti kọ tiwa. Ìyá ọmọ tí bàtà ẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Wọ́n ní kí n gbé bẹ́ǹṣì mi kúrò létí títì, wọ́n ní àwọn oníbàárà mi ń nasẹ̀ sójú ọ̀nà, àwọn ọmọ sì ń tìtorí ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ rìn lórí ọ̀dà. Inú bí mi, ọdún kọkànlá ni bẹ́ǹṣì yẹn ti wà níbẹ̀. Mo gbé e. Àwọn ọmọ ń gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kọjá báyìí.

Ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ti Àǹtí Fèrè, márùn-ún gbáko. Òjò, alẹ́ àti Sátidé ló jẹ ìyókù. Tẹ́ ẹ bá rí jàǹbá lójú ọ̀nà, nọ́ńbà Road Safety ni 122, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú fóònù yín. Ilé ìwé máa tó gba ọlidé, wọ́n ní àwọn ṣì máa wà níbẹ̀, màá máa wò ó láti ìdí odó mi. Tó bá fi máa di oṣù Disẹ́ḿbà tí àwọn ará Èkó ń rọ́ wálé ọdún, màá padà wá síbí wá kọ iye ìràwọ̀ tó kù.